Ọdún Tí A Kò Fọkàn Tán Ìkọ́kọrẹ́

Kí n tó mọ ojú ilé wa ní Ìpẹ̀rú dáadáa ni mo ti mọ ariwo rẹ̀. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀, àwa ọmọ obìnrin la sì máa ń wà nídìí rẹ̀, tí a ó máa gbá àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà títí dé ìdí igi ọsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tiwọn, Ìyá Àgbà á sì máa dá wọn lóhùn ní orúkọ-orúkọ, bí ẹni ń bá àwọn ìyàwó ilé wí. Nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni bàbá mi ń tọ́jú obì sí, nítorí obì ló ń rà lóko tó sì ń tà fún àwọn Àwúsá ní Ṣàgámù. Òórùn ewé tútù tí wọ́n fi bo obì náà á jáde wá pàdé èéfín igi ìdáná, títí di òní tí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ṣe ni mo máa ń dúró. Ìyá mi á ti máa lọ ata. Ní apá kejì àgbàlá, asọ̀rọ̀mágbèsì ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ti máa ka ìròyìn. Ọ̀gá ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, Bàbá Tíṣà sì ni gbogbo ọmọdé inú ilé ń pè é. Òun àti bàbá mi nìkan ló kù fún Ìyá Àgbà láyé nínú gbogbo ọmọ tó bí. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ ilé náà, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, wọ́n sì fi ìyá wọn sí àárín.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òṣèlú ló dé. N kò mọ ohun tí òṣèlú jẹ́ nígbà náà. Mo rò pé àìsàn kan ni, nítorí pé bí àwọn àgbà ṣe máa ń dín ohùn wọn kù tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ilẹ̀ gbígbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dín in kù tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ bá délẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ti pín sí méjì, ìlú sì ti bá a pín. Bí ẹnì kan bá nawọ́ kí ọ lójú pópó, wàá kọ́kọ́ wo iye ìka tó nà, tí í ṣe àmì ẹgbẹ́ rẹ̀, kí o tó mọ̀ bóyá kí o dá a lóhùn. Àwọn tó ń mu ẹmu lábẹ́ igi kan náà láti ìgbà èwe wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife tiwọn wá láti ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tí wọ́n ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan látọjọ́ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn pín ara wọn sọ́tùn-ún sósì, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wò wá láti orí àga ìwàásù á rò pé ìgbéyàwó là ń ṣe, tí ẹbí ọkọ wà lápá kan tí ẹbí ìyàwó sì wà lápá kejì. Wọ́n yan àwọn ọdẹ láti máa ṣọ́ kànga, nítorí wọ́n ní àwọn kan fẹ́ da nǹkan sí i. Láwọn ìlú mìíràn, a gbọ́ pé wọ́n ń dáná sun ilé ara wọn. Àwa kò tíì rí i, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Lóde òní tí àwọn ọmọ mi bá ń ka irọ́ fún mi látinú fóònù tí wọ́n ní òótọ́ ni torí pé ẹni mẹ́ta ló fi ránṣẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé a ti ní irú rẹ̀ rí, tiwa kàn ń fi ẹsẹ̀ rìn ni.

Kò pẹ́ tó fi wọ ilé wa. Wọ́n ní Bàbá Tíṣà ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ìjọba kí wọ́n má baà gbé e lọ kọ́ni ní ọ̀nà jíjìn. Bàbá Tíṣà kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, bí o bá bi í ní ohun tí kò wù ú láti dáhùn, ẹ̀kọ́ ìwé ni yóò kàn máa kọ́ ọ. Bàbá mi ní tirẹ̀ dúró sínú ẹgbẹ́ àtijọ́ gbọin-gbọin. Ká ní wọ́n jà ni, à bá rí ohun tí a ó parí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò jà. Wọ́n dákẹ́ ni. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì, bàbá mi á dìde lọ sínú yàrá obì, á lọ máa ṣa obì tó ti ṣà lánàá. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ nítorí pé ìyá wọn ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ ṣà á nílẹ̀ ló ń ṣe é.

Àwọn ìyàwó náà tẹ̀ lé ọkọ wọn. Ìyàwó Bàbá Tíṣà kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ. Ọ̀fà ló ti fẹ́ ẹ nígbà tó ń kọ́ni lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Ọ̀fà. Tẹ́lẹ̀, òun àti ìyá mi ló jọ máa ń di irun fún ara wọn. Lọ́dún náà, ìyá mi gbé ọmọrí lé àmù omi wa, ó tún gbé òkúta lé ọmọrí. Mo bi í pé kí ni òkúta wà fún. Ó ní nítorí aláǹgbá ni. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ jẹun lápá ọ̀hún mọ́. Dúpẹ́ ọmọ Bàbá Tíṣà, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí a sì ti ń jẹun nínú àwo kan láti ìgbà tí a ti ń rá, á dúró lápá kan igi ọsàn, èmi á dúró lápá kejì, a ó wá máa ròyìn ohun tí a jẹ fún ara wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́dún náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ẹgbẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan, wọn yóò mọ ògiri sí àárín àgbàlá, n kò sì mọ apá ibi tí Ìyá Àgbà yóò bọ́ sí.

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ rí i pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, ó pe gbogbo wa jọ síwájú yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú.

"Sámúẹ́lì, Dáníẹ́lì," ó wí, orúkọ ìrìbọmi Bàbá Tíṣà àti ti bàbá mi nìyẹn, "ọmú kan lẹ̀yin méjèèjì mu. N ò ní kí ẹnikẹ́ni ó dìbò fún ẹnì kankan. Àmọ́ ìkòkò kan ni a ó máa sè nínú ilé yìí lọ́jọ́ Ẹtì-Ẹtì, gbogbo wa la ó sì jẹ ẹ́."

Bàbá Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀.

"Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ìyá Yétúndé," ìyá mi ló ń bá wí, èmi sì ni Yétúndé, "ìwọ ni wàá máa rin ewùrà. Tóo bá rin ín tán, gbé e sílẹ̀ nídìí ààrò mi, kóo máa bá tìẹ lọ. Ìyá Ọ̀fà ni yóò máa sè é. Ẹni tó rin ín kò ní sè é, ẹni tó sè é kò ní bù ú. Èmi ni n ó máa bù ú. Tó bá di bẹ́ẹ̀, ta ló máa sọ pé ẹnì kan dá ohun kan ṣe?"

"A ti gbọ́, Màmá," ni ìyá mi wí. Ìyá Ọ̀fà náà kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́. Òfin náà mọ́gbọ́n dání. Àwọn obìnrin àdúgbò gbọ́ ọ, wọ́n ń yin Ìyá Àgbà, àwọn kan tiẹ̀ lọ ṣe irú rẹ̀ nílé tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ẹtì kọjá tí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ wa pẹ̀lú ẹ̀bà tútù tí a sì là á já láìsí wàhálà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́. Ibi tí òfin náà ti jò ni pé ó jẹ́ kí obìnrin méjì ṣe iṣẹ́ kan láìní bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó wá di ìgbà òjò, tí ewùrà ti ń tán lọ́jà. Ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, mo ti ilé ìwé dé, mo bá Ìyá Ọ̀fà nídìí ààrò Ìyá Àgbà. Ìyá mi ti lọ sí ọjà Ipara láti àárọ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ sínú àwo ńlá, ó ti fi ewé bò ó, ó sì ti gbé e sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Ata ti ń hó pẹ̀lú epo àti orí ẹja gbígbẹ. Ìyá Ọ̀fà ń fi ọwọ́ já èyí tí wọ́n rin sínú ọbẹ̀ náà ní ṣíṣù-ṣíṣù, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wálé. Nígbà tó tó àsìkò tó máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Àgbà bù ú. Bàbá mi ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ bá ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Ṣàgámù, Bàbá Tíṣà kò sì tíì ti ilé ìwé dé. Àwa ọmọ ń dúró kó tó kàn wá. Ìyá Àgbà kì í jẹun ní tirẹ̀ àfi tí gbogbo ilé bá ti jẹ tán.

Mo ń wò ó nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun. Ó wúkọ́. Ó mu omi, ó tún wúkọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ètè rẹ̀ ti ń wú, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀, ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà sáré gbé ìgò epo pupa, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó ń ro epo sí i lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde wa, Bàbá Kẹ̀kẹ́ là ń pè é, fi yọjú wọlé. Òun àti bàbá mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan ni. Ó wo bàbá mi, ó wo àwo, ó wo Ìyá Ọ̀fà, ó sì fi igbe ta.

"Wọ́n ti fún Dáníẹ́lì ní nǹkan jẹ o! Wọ́n ti pa á o!"

Mo mọ̀ nísinsìnyí pé igbe náà ni ìlú ti ń retí láti oṣù mélòó kan. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgbàlá wa ti kún. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbé igi dání, ọ̀kan nínú wọn sì gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì, tó fi hàn pé ó ti gbé e sí tòsí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo apá òsì ilé wa, apá Bàbá Tíṣà. Ìyá Ọ̀fà dúró nídìí ààrò, ó di ṣíbí ọbẹ̀ mú, kò lè sọ nǹkan kan ju "Ewùrà ni, ewùrà ni" lọ.

"Ará òkè ni, ta ló mọ ohun tó gbé bọ̀ láti ilé wọn!" ni ẹnì kan pariwo, ó sì dùn mí, nítorí Ìyá Ọ̀fà ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi ní ibà. Dúpẹ́ ti kọjá igi ọsàn. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo ń sunkún pé bàbá mi máa kú, òun ń sunkún pé wọ́n máa sun ilé wọn, nínú ọkàn mi n kò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára ìkejì.

Ìgbà náà ni Bàbá Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Àwọn èèyàn là fún un, bóyá ìwà ilé ìwé ni, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti na lẹ́gba rí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri.

"Ṣé Dáníẹ́lì kú ni?"

"Kò tíì kú," ni Bàbá Kẹ̀kẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ló sè é, Tíṣà. Gbogbo wa la mọ̀ pé òun ló sè é."

Bàbá Tíṣà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo sè é?"

"Èmi ni mo sè é," Ìyá Ọ̀fà wí.

Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́ bí ó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó wá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ó fa àwo bàbá mi sọ́dọ̀, àwo yẹn gan-an tí bàbá mi jẹ nínú rẹ̀, ó bu òkèlè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ó jẹ òkèlè kejì. Bàbá Kẹ̀kẹ́ tó ti ń pariwo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́." Àwọn tó wá sun ilé rẹ̀ náà ló tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má kú. Bàbá mi na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ń mi orí, omi ń jáde lójú rẹ̀. Bàbá Tíṣà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ń jẹun lọ. Ó jẹ ẹ́ títí àwo fi funfun. Nígbà tó ṣe, a rí i tí òun náà gbé ọwọ́ lé ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ó ti mọ nǹkan kan tí àwa kò mọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rò ó dáadáa. Kò mọ nǹkan kan. Bí májèlé bá wà nínú rẹ̀, òun náà ì bá kú ni.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi ti rí èrò, ó da ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?" Ó wo ètè bàbá mi, ó wo ètè Bàbá Tíṣà, ó wá wo ìkòkò. Ló bá kọjú sí Ìyá Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti oṣù mélòó kan nìyí:

"Yéè! Ẹ ò sè é pẹ́!"

"Bí mo ṣe máa ń sè é ni mo sè é!"

"Kókò ni mo fi lé e! Ewùrà ò tó, mo bá rin kókò mọ́ ọn!"

"Kókò?"

"Kókò ni!"

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni? Mo rò pé ẹ máa rí èèpo ẹ̀ nílẹ̀."

"Èèpo wo? Àwọn ọmọ ti gbálẹ̀!"

Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí kò mọ̀ pé kókò tí kò bá pẹ́ lórí iná dáadáa máa ń yún èèyàn lọ́fun bí ẹni gbé ewé èsìsì mì. Ewùrà ní tirẹ̀ kò pẹ́ jinná. Ìyá Ọ̀fà kò sì mọ̀ ju ewùrà lọ, òun ni Ìyá Àgbà fi kọ́ ọ, bí wọ́n bá sì ti rin kókò mọ́ ewùrà, ojú ẹni tí wọn kò bí síbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ kò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn èrò. Ẹlòmíràn gbà á. Nígbà tó yá, gbogbo àgbàlá ló ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn kan ń jókòó sílẹ̀, irú ẹ̀rín tó máa ń jáde lára èèyàn nígbà tí ó bá rí i pé ohun tí òun fẹ́ ṣe kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbé kẹrosíìnì kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ìyá Àgbà nawọ́ sí i.

"Gbé e wá síhìn-ín, ọmọ mi. Àtùpà mi ti gbẹ láti àná." Ó sì jẹ́ kó rọ ọ́ kún dé ẹnu kó tó ní kó máa lọ.

Nígbà tí èrò túká, àwọn ìyàwó méjèèjì gbé ìkòkò padà sórí iná, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń bá ara wọn jà nípa èèpo kókò títí ó fi jinná. Mo fẹ́ràn ìjà náà. Èmi àti Dúpẹ́ jẹ tiwa nínú àwo kan, ó sì dùn. Ìyá Àgbà jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ṣíbí kan ro epo sí wọn lẹ́nu, bó bá ro ti ẹ̀gbọ́n á ro ti àbúrò. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ó ń wí. "Ẹ wo ètè yín. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín." Láti oṣù mélòó kan, wọ́n lè sọ̀rọ̀, wọn kò sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn tí ara wọn ń yá láti sọ ọ́, wọn kò lè sọ ọ́. Bàbá Tíṣà ń ti imú rẹ́rìn-ín, tó bá ti rẹ́rìn-ín, á dun ún, á tún di ọ̀fun mú.

N kò ní purọ́ pé ìlú tòrò látàrí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan. Wàhálà ṣì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ṣọ́jà dé níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì gba ọ̀nà mìíràn. Títí Bàbá Tíṣà fi kú, n kò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló bọ́ sí ẹgbẹ́ ìjọba. Bàbá mi kò mọ̀, kò sì bi í. Òkúta kò sí lórí àmù omi wa mọ́ láti ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó wí pé kí wọ́n gbé e kúrò. Èmi tí mo bá wọn gbé inú ilé náà, mo lè sọ pé ara mi fúyẹ́ láti ọjọ́ yẹn, mo sì tún sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá lọ́jọ́ náà, bàbá mi kọ́kọ́ rí ohùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

"Bọ̀dá mi," ó wí, "ẹ ò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ẹ tó jẹ ẹ́."

Bàbá Tíṣà ṣì ń tọ́jú ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde wúruwùru bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Bí mo bá bi wọ́n, tí wọ́n sọ ọ́, ṣé wàá gbà wọ́n gbọ́?"

Bàbá mi rò ó.

"Rárá," ó wí, ó sì sún ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ráyè nà.